Mo Kí Ẹrù Mi, Mo Sì Kọjá Lọ

Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú àárò mi, ẹ kú ọjọ́ kíkà. Mo ti dé! Mo dé pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjì, ọwọ́ méjì, àti ẹnu kan tí kò tíì pa dé láti ọjọ́ mẹ́rin tí mo ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ bá mi sọ fún Ẹ̀gbọ́n mi Tíṣà pé kó gbé ẹkún tì. Ẹni tó ń sunkún nítorí rẹ̀ ń jẹun, ó ń sùn, ó sì ń sanra. Tẹlifóònù ì bá yá ju ìwé lọ, ṣùgbọ́n fèrè reluwé ti jẹ etí yín, ẹ ó kàn máa pariwo "Ta nìyẹn?" títí owó mi á fi tán.

Bàbá, ọkọ mi ti dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú láti àárọ̀! Ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ wa máa balẹ̀, ó mọ̀, ṣùgbọ́n ó ní àga ilé ń ta òun nídìí. Súùtù ọjọ́ ìgbéyàwó wa ló wọ̀, ìyẹ̀fun búrẹ́dì sì wà ní etí rẹ̀ ọ̀tún, torí kò wẹ etí dáadáa nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé. Oṣù mẹ́jọ tí a ti ṣègbéyàwó, ọjọ́ mọ́kànlá péré la fi gbé pọ̀ kí ìsinmi rẹ̀ tó parí. Gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn tó ti ń kó jọ láti ìgbà náà, bó ṣe rí mi báyìí, gbogbo rẹ̀ fò lọ, ó ní, "Ṣé o ti jẹun?" Mo rẹ́rìn-ín títí àwọn èèyàn fi ń wò wá.

Yàrá wa wà lókè kẹta. Fèrèsé kan ló ní, ó kọjú sí àgbàlá tí wọ́n ń so kẹ̀kẹ́ mọ́. Ife méjì la ní, ọ̀kan kò létí, ojoojúmọ́ la sì ń jà lórí ẹni tó máa fi èyí tí kò létí mu tíì, torí pé ẹnìkọ̀ọ̀kan wa fẹ́ fi èyí tó dáa sílẹ̀ fún ẹnì kejì. Àfi bí ìjà wèrè!

Ẹ ní kí n má fi ohunkóhun pamọ́ nípa ìrìnàjò. Ó dáa, ẹ gbọ́. Ọkọ̀ òfuurufú méjì ni mo wọ̀, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló sì wà láàárín wọn. Àkọ́kọ́ pẹ́ kó tó balẹ̀, ó wá ku ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Ọmọbìnrin tó gba ẹrù lọ́wọ́ mi ní pápákọ̀ nígbà tí mo ń kúrò nílé ti sọ nǹkan kan fún mi nípa ẹrù náà, ṣùgbọ́n bí ẹni tí ajá ń lé ló ṣe ń sọ̀rọ̀, mo kàn ń mi orí. Nígbà tí mo dé ibi tí a ti ń pààrọ̀ ọkọ̀, wọ́n wo ìwé ìrìnnà mi, wọ́n ní kí n máa lọ, mo sì bọ́ sí gbọ̀ngàn ńlá kan tí ẹrù àwọn èèyàn ti ń yí kiri lórí bẹ́líìtì dúdú.

Bàbá, mo rí ẹrù wa! Àpótí aláwọ̀ ilẹ̀ náà, pẹ̀lú okùn yín àti kókó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ń yọ bọ̀ bí ọkọ ìyàwó. Àwọn èèyàn ń já tiwọn gbà. Ọwọ́ mi ti gbéra, ni mo bá rántí ọ̀rọ̀ yín: "Ẹrù tí a bá ti kọ ìdíkọ̀ ìparí sí lára, ẹlẹ́rù kì í fọwọ́ kàn án lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá gbé e sọ̀ lágbedeméjì, bí kì í bá ṣe olè, òmùgọ̀ ni." Mo wo àmì ara rẹ̀, mo rí orúkọ ìlú tí mò ń lọ gàdàgbà. Mo ká ọwọ́ mi kò. Mo kí i, mo ní, "Ó dàbọ̀ o, a ó pàdé níwájú," mo sì kọjá lọ. Ìyá kan tó dúró tì mí wò mí bí ẹni pé orí mi ti yí.

Àwọn aṣọ́bodè tó ń yẹ ẹrù wò rí i pé àpamọ́wọ́ nìkan ni mo gbé, wọ́n juwọ́ sí mi pé kí n kọjá. Ni mo bá ki eré mọ́lẹ̀! Èmi ni mo wọlé kẹ́yìn, wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ gìgísẹ̀ mi. Àwọn tó dúró gbé ẹrù, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ṣe é. Ọgbọ́n yín ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ ọkọ mi, Bàbá, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ẹrù náà kò bá wa dé lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ẹrù tó lámì ń bọ̀ lẹ́yìn, kí ẹ má ṣèyọnu. Ọkọ mi bi mí pé, "O rí i níbẹ̀, o sì fi í sílẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo gbéra ga. Ó gba àpamọ́wọ́ lọ́wọ́ mi, ó ní, "Jẹ́ ká máa lọ sílé."

Èmi ni, ọmọ yín tí ayọ̀ ò jẹ́ kó lè fọwọ́ kọ lẹ́tà tó tọ́,
Ìyàwó Oníbúrẹ́dì


Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ní aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀. Ara wa le. Ẹ̀gbọ́n rẹ ti gbé ẹkún tì, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ọmọ iléèwé jà bó ṣe yẹ.

Mo gbé ìwé náà lọ sí ibi bẹ́ǹṣì tí àwa tó fẹ̀yìn tì ń jókòó sí níwájú ìdíkọ̀ reluwé. Mo ka ibi tí o ti kí ẹrù tí o sì kọjá lọ sí wọn létí lẹ́ẹ̀mejì. Awakọ̀ reluwé àtijọ́ yẹn, ẹni tí kì í gbà pé ọ̀sán ni ọ̀sán bí ó bá jẹ́ èmi ni mo sọ ọ́, kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ó ní, "Kòsọnù, ìwọ lo bí i lóòótọ́." O mọ ohun tó ná mi kí n tó jẹ́ orúkọ yẹn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi jẹ́ akọ̀wé ẹrù, ẹrù ẹnì kan kò sọnù lọ́wọ́ mi.

Ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ kan láti bá ọ rò. O kọ ojú ìwé mẹ́ta nípa etí ọkọ rẹ àti ife tí kò létí, o kò kọ ìlà kan nípa ìwọ̀n ẹrù. Kílò mẹ́tàlélógún ló wọ̀n kó tó kúrò níwájú mi. Mélòó ló wọ̀n nígbà tó dé? Ìwé ìgbéyàwó yín wà ní àárín gbùngbùn rẹ̀, níbi tí ọwọ́ olè kò lè dé. O fẹ́ fi í sínú àpamọ́wọ́, mo ní rárá, àpamọ́wọ́ ni olè ń já. Ogúnjọ́ oṣù karùn-ún ni ẹ máa mú un lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń ṣètò àlejò. Bí kò bá sí ìwé, lójú wọn kò sí ìyàwó, wọn yóò sì dá ọ padà wá. Nítorí náà, kọ̀wé sí mi kíákíá pé ẹrù dé, kí n lè fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà.

Èmi ni bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìsinmi o, ẹ sì bá mi kí Awakọ̀. Inú mi dùn púpọ̀ pé ẹnu rẹ̀ wọhò! Ẹrù wà ní ìpamọ́ tó dára. Ẹ má da ara yín láàmú nípa ìwọ̀n rẹ̀.

Mo ti ríṣẹ́! Aṣọ ni mò ń lọ̀, ní ilé ìfọṣọ kan tó ń bá àwọn ilé ìtura ṣiṣẹ́. Igba aṣọ ìbùsùn lójúmọ́. Ọ̀gá mi obìnrin ní ọwọ́ mi yá, ó fẹ́ mọ ẹni tó kọ́ mi ní bí a ti ń ká aṣọ nígun mẹ́rin. Mo ní bàbá mi ni. Bí ọkọ mi bá ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, ó máa ń mú búrẹ́dì tó wọ́ wálé, torí wọn kì í ta èyí tó wọ́, ó sì ní bó bá ṣe wọ́ tó ló ṣe ń dùn tó. Òótọ́ ni o!

Iṣẹ́ ń pè mí, mo ní láti dá ọwọ́ dúró níbí.

Ọmọ yín, Ìyàwó Oníbúrẹ́dì


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta

Ẹ̀gbọ́n mi Tíṣà,

Ẹ kú ìrọ́jú àwọn ọmọ aláriwo. Iléèwé yín ni mo fi ìwé yìí ránṣẹ́ sí, kí Bàbá má bàa rí i. Tẹlifóònù iléèwé yín kò lọ, mo gbìyànjú títí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ kà á nínú kíláàsì tó bá ṣófo.

Ẹrù náà kò dé. Kò sì lè dá wá. Ní ìlú tí mo ti pààrọ̀ ọkọ̀ yẹn, òfin wọn ni pé ẹnikẹ́ni tó bá dé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹrù rẹ̀ lórí bẹ́líìtì, kó gbé e kọjá níwájú aṣọ́bodè, kó sì tún fà á lé àwọn ọlọ́kọ̀ lọ́wọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí wọ́n tó gbé e sínú ọkọ̀ kejì. Ìyẹn ni ọmọbìnrin yẹn ń sọ tí mo ń mi orí! Àlejò lójú, kò fi ríran. Ẹ̀gbọ́n mi, mo rí ẹrù mi, mo kí i bí ẹni kí àna, mo sì fi í sílẹ̀!

Ó ń yí kiri títí gbogbo ẹrù fi tán, òun nìkan, pẹ̀lú okùn yẹn. Wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀, wọ́n rí irin ńlá kan. Wọ́n ní kí gbogbo èèyàn jáde nínú gbọ̀ngàn, wọ́n mú ajá wá kó gbóòórùn rẹ̀. Ọkọ mi ní wọ́n sọ fún òun pé ajá náà jókòó tì í, ó sì sùn lọ. Ó fẹ́ kí n rẹ́rìn-ín, mo rín ín.

Wọ́n ti kọ̀wé sí wa báyìí. Ẹni tó di ẹrù náà gan-an ni kó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, láìyọ ọ̀kan sílẹ̀, kó sọ ìdí tí wọ́n fi pa á tì, kó sì fọwọ́ sí i. Bí ohun tó kọ bá yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n bá níbẹ̀, wọn ò ní tú u sílẹ̀. Bí ìwé náà kò bá sì dé ọ̀dọ̀ wọn kó tó di ọjọ́ kẹwàá oṣù karùn-ún, wọ́n á run ún. Ọ́fíìsì tó fún wa níwèé ìgbéyàwó ní kí àwọn tó kọ òmíràn, àfi kí àwa méjèèjì tún fara hàn níwájú àwọn. Báwo la ṣe fẹ́ ṣe ìyẹn?

Ẹ mọ̀ pé Bàbá tilẹ̀kùn ni nígbà tí wọ́n ń di ẹrù yẹn. Ẹ bá mi fi ọgbọ́n bi wọ́n ní ohun tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́, kí wọ́n wá fọwọ́ sí i bí ẹni ń fọwọ́ sí nǹkan mìíràn. Mi ò lè sọ fún wọn. Bí ẹ bá rí ìwé tí wọ́n kọ sí mi, bí wọ́n ṣe ń yọ̀, ẹ̀yin náà á parọ́.

Àbúrò yín


Ọjọ́ keje oṣù kẹrin

Àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ. N kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn.

Mo ṣe bí o ti wí. Mo bu oúnjẹ fún Bàbá, mo ní, "Bàbá, ẹrù yẹn mà wúwo o, kí ni ẹ kó sínú rẹ̀ gan-an?" Wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni àwọn èèyàn fi bi mí ní ìbéèrè yẹn, ẹni tí ẹrù rẹ̀ bá dé kì í bèèrè rẹ̀. Ṣé ó sọnù ni?" Ẹni tó kọ́ mi ní ááfábẹ́ẹ̀tì lórí ìwé wébíìlì tí wọ́n fi ń kọ ẹrù èrò sílẹ̀, kí ni mo fẹ́ pa nírọ́ fún? Mo gbé ìwé rẹ lé wọn lọ́wọ́.

Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún un kà. Wọ́n wá mú ìwé tí o kọ sí wọn gan-an jáde, wọ́n fi ìka tẹ ibi "ìpamọ́ tó dára". Láti ọjọ́ mẹ́rin, wọn kò lọ síbi bẹ́ǹṣì. Awakọ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà, ó pe "Kòsọnù!", wọ́n ní kí n sọ pé àwọn kò sí nílé, ohùn wọn sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ketekete. Mo ti fi bébà àti bírò sórí tábìlì wọn. Wọn kò tíì fọwọ́ kàn án.

O kò dára o. Irọ́ lè rìn fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á lé e bá. Kọ̀wé sí bàbá rẹ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ


Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀, mo kúnlẹ̀, èyíkéyìí tí ẹ bá fẹ́ nínú méjèèjì. Ẹ má bínú. Irọ́ kọ́ ni mo fẹ́ pa, ayọ̀ yín ni mi ò fẹ́ bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ fún mi kì í ṣe ọ̀rọ̀ burúkú, Bàbá. Lórí ojú irin, òótọ́ ni. Ọ̀nà kan kò wọjà, èyí tí mo gbà ni kò wọ̀ ọ́. Èmi náà ni mo mi orí fún ọmọbìnrin tí mi ò gbọ́ ohun tó sọ. Kí ló dé tí mi ò sọ pé, "Jọ̀ọ́, tún un sọ"? Ẹ̀bi ò ní kó má kàn mí.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ìwé náà. Ọkọ mi ti ra aṣọ fèrèsé tuntun. Ó ti gbé àga kejì wá láti ibi iṣẹ́, ó gbé e lé orí, ó gòkè mẹ́ta! Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, èmi ni mò ń jáde lọ, orí àtẹ̀gùn la ti ń pàdé, ìṣẹ́jú márùn-ún la sì máa ń lò níbẹ̀, àwọn aládùúgbò ti mọ̀ pé kí àwọn gba ẹ̀gbẹ́ kan kọjá. Gbogbo ohun tí mo ní nìyẹn, Bàbá, ìṣẹ́jú márùn-ún lórí àtẹ̀gùn, ó sì pọ̀ fún mi ju ilé aláruru lọ. Bí ogúnjọ́ oṣù karùn-ún bá dé tí mi ò rí ìwé fi hàn, wọ́n á dá mi padà, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bóyá ọdún méjì. Bóyá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ lè bínú sí mi lẹ́yìn tí ẹ bá kọ ọ́ tán. Mo máa dúró dè é.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Mo kí yín. Kò tíì sí lẹ́tà. Agbélẹ́tà ti mọ̀ mí báyìí, bó bá ti rí mi lórí àtẹ̀gùn, ó ti ń mi orí kó tó débẹ̀. Ó ku ọjọ́ méjìlá. Mi ò fẹ́ ìròyìn, mi ò fẹ́ ìkíni, ẹ tilẹ̀ lè má pè mí lọ́mọ. Ìwé ohun tó wà nínú ẹrù nìkan ni mo fẹ́.


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Mo fi ìwé yìí ránṣẹ́ ní èyí tó yá jù lọ tí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní. Ara mi le. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kọ ọ́ tí mo ya á, nítorí ó gbọ́dọ̀ pé, mo sì ń wá ọ̀nà tí yóò fi pé láì jẹ́ pé ó pé. Kò sí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Kí ọkọ rẹ túmọ̀ ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí sí èdè wọn, kó má fi kún un, kó má yọ nínú rẹ̀.

"Sí akọ̀wé ẹrù tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo kí ọ. Akọ̀wé ẹrù ni èmi náà, mo ti fẹ̀yìn tì. Èmi nìkan ni mo di ẹrù yìí. Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí: Orí ẹ̀rọ ìránṣọ kan, irin dúdú, mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì wé e, òun ni irin tí ẹ rí. Ìrọ̀rí kan wà lé e lórí, ìwé ìgbéyàwó ọmọ mi wà nínú ọ̀rá láàárín ìrọ̀rí náà àti àpò rẹ̀. Tówẹ́ẹ̀lì mẹ́fà, funfun mẹ́rin, búlúù méjì. Ìkòkò méjì, ọ̀kan nínú èkejì, ṣíbí méjìlá nínú èyí tó kéré, mo fi ìwé ìròyìn wé wọn kí wọ́n má bàa pariwo. Bàtà ọkùnrin dúdú, ẹsẹ̀ méjèèjì, agolo pólíìṣì nínú tòsì. Abẹ́rẹ́ páálí mẹ́ta. Àwòrán ìgbéyàwó kan nínú férémù, dígí rẹ̀ ti sán tẹ́lẹ̀, ẹ̀bi yín kọ́. Bàtà ọmọdé pupa, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, ọ̀tún.

"Ẹ ó bèèrè èkejì. Kò sí nínú ẹrù. Ọmọ tó ni ín jẹ́ ọmọ ọdún méjì nígbà tí mo gbé e lọ síbi iṣẹ́ mi, mo sì sọ ẹsẹ̀ òsì nù láàárín ìdíkọ̀ àti ilé. Lọ́wọ́ mi ló ti sọnù. N kò kọ ọ́ sínú ìwé kankan láti ọdún méjìlélógún.

"Ọmọ mi kò pa ẹrù tì nítorí ohun búburú kan. Èmi ni mo pàṣẹ fún un pé kó má fọwọ́ kàn án. Ìlànà tí mo mọ̀ ni mo fún un, n kò sì bèèrè bóyá ìlànà náà dé ọ̀dọ̀ yín. Àṣìṣe náà, tèmi ni, kì í ṣe tirẹ̀. Mo fọwọ́ sí i."

Ọmọ mi, mo mọ̀ pé o kò ní í rántí bàtà náà. Ìyá rẹ, kí Ọlọ́run bá wa tọ́jú rẹ̀, lù ọ́ nítorí rẹ̀, ó rò pé ìwọ lo bọ́ ọ sọnù. Mo jókòó, mo ń wò. Mo fi í sínú ẹrù pé bí o bá rí i, mo lè wá sọ fún ọ nínú ìwé. Aṣọ́bodè ti wá gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi kó tó di ìgbà náà.

Èmi ni bàbá rẹ.


Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù karùn-ún

Bàbá mi, Bàbá mi, Bàbá mi,

Ẹ kú orí ire! Mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀: WỌ́N TẸ̀ Ẹ́! Wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí ìwé mi lánàá, mo di ará ilé ọkọ mi lójú òfin, kò sẹ́ni tó máa dá mi padà síbì kankan!

Lẹ́tà yín dé ní ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún. Agbélẹ́tà kò tilẹ̀ dúró kó dé òkè, ìsàlẹ̀ ló ti ń pariwo, a ò gbọ́ èdè ara wa dáadáa ṣùgbọ́n mo gbọ́ ìyẹn! Ọkọ mi kò sùn lọ́sàn-án yẹn, ó túmọ̀ rẹ̀, mo dúró tì í, mo ní, "Má fi kún un o, Bàbá ní kí o má fi kún un." Nígbà tó dé ibi bàtà, ó gbé bírò sílẹ̀, ó jáde lọ sórí àtẹ̀gùn, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó wọlé.

Ọjọ́ kejìdínlógún ni wọ́n ní ká wá gba ẹrù ní pápákọ̀ tiwa níbí. Aṣọ́bodè kan gbé e sórí tábìlì gígùn. Ó ní kí n gé okùn, mo ní rárá, mo tú kókó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwọn tó wà lẹ́yìn mi ń kùn. Ó wá na ìka sórí ìwé yín, ó ń mú un lọ́kọ̀ọ̀kan: irin, ìrọ̀rí, tówẹ́ẹ̀lì. Ó ka ṣíbí, Bàbá! Méjìlá. Ó ṣí agolo pólíìṣì. Ó wá gbé bàtà pupa náà sókè, kò ju àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lọ. Ó ní, "Èkejì dà?" Mo ní, "Ó sọnù." Ó ní, "Ta ló sọ ọ́ nù?" Mo ní, "Bàbá mi. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀." Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín yẹ̀yẹ́, ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣiṣẹ́ yìí, òun kò tíì rí ẹni tó kọ ohun tí kò sí nínú ẹrù. Ló bá fọwọ́ sí i.

Lánàá, ní ọ́fíìsì, obìnrin tó wà nídìí tábìlì yẹ ìwé ìgbéyàwó wò síwá sẹ́yìn, ó bi ọkọ mi pé, "Ìyàwó rẹ nìyí?" Ọkọ mi dáhùn "Òun ni!" débi pé ọmọ ọwọ́ kan jí níbi tí wọ́n jókòó sí. Gbàu! Òǹtẹ̀ dún. Mo fò mọ́ obìnrin náà, tábìlì wà láàárín wa o, ìwé dà sílẹ̀ yàà.

Bàbá, mo ní ẹjọ́ kan tèmi náà. Láti òní lọ, ìwé tó bá jẹ́ ẹ̀mí mi, àpamọ́wọ́ mi ni mo máa fi sí, àyà mi ni mo sì máa gbé àpamọ́wọ́ náà mọ́. Ẹ lè pè mí ní aláìgbọràn. Ní ti bàtà, mo rántí ìnà náà díẹ̀. Mo ti dárí jì yín kí n tó ka ìlà yẹn tán. Ẹsẹ̀ kan tó kù wà lórí fèrèsé, ọkọ mi ní kò sẹ́ni tó máa gbé e kúrò níbẹ̀.

Ọmọ yín tí wọ́n ti tẹ̀ lóǹtẹ̀,
Ìyàwó Oníbúrẹ́dì


Ọjọ́ kejì oṣù kẹfà

Ọmọ mi,

Ìwé rẹ dé lánàá, ọ̀sán. Mo ti fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ ẹrù. Ẹ̀gbọ́n rẹ jó nínú ilé ìdáná, ó fọ́ àwo kan. Kí ọkọ rẹ gba ọpẹ́ mi, mo sì gba ẹjọ́ rẹ nípa àpamọ́wọ́. O jàre.

Mo padà síbi bẹ́ǹṣì lóòórọ̀ yìí. Mo sọ ọ́ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò dúró kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Awakọ̀ rẹ́rìn-ín títí a fi ní láti gbá a lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló sọ pé òun náà ti wa ọkọ̀ kọjá ìdíkọ̀ kan rí láìdúró, èrò wà níbẹ̀ tí wọ́n ń juwọ́. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni a ti jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn, n kò gbọ́ ìyẹn rí.

Bí a ti ń sọ̀rọ̀, ìyá ọlọ́ṣẹ tó wà ní òpópónà kejì wá bá mi. Ó ń lọ kí ọmọ rẹ̀ lókè òkun, ọkọ̀ òfuurufú méjì ni yóò wọ̀, wákàtí kan ló sì wà láàárín wọn. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin ni wọ́n ní kí n wá bá. Kí ni kí n ṣe sí ẹrù mi bí mo bá dé àárín ọ̀nà?" Gbogbo wọn ń wo ẹnu mi. Mo ní, "Ìyá, n kò mọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gba ẹrù náà lọ́wọ́ yín, bí ẹ kò bá gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, ẹ má mi orí, ẹ ní kí wọ́n tún un sọ."

Ó dúpẹ́, ó lọ. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń retí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí mi. Kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀. Awakọ̀ sún díẹ̀, ó fún mi láyè sí i lórí bẹ́ǹṣì.

Èmi ni bàbá rẹ.